Bi Í Léèrè Kí O Tó Tú U

Àwọn tó mọ Itamaga ní Ìkòròdú dáadáa á rántí igi àgbálùmọ̀ kan tó wà lẹ́yìn ilé epo, tí abẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri nítorí ọ́ìlì tó ti ń kán síbẹ̀ fún ogún ọdún ó lé. Tí àgbálùmọ̀ bá pọ́n, á máa já bọ́ lu orí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàà, ẹni tó bá sì wà lábẹ́ ọkọ̀ á ta gìrì. Abẹ́ igi yẹn ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ògúnsànyà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá bí, obìnrin sì ni, Morádéyọ̀. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàlá, tó ti mọ nọ́ńbà sípánà ju orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀ lọ, Bàbá dẹ́kun àti máa lé e padà sílé.

"Ilé alágbẹ̀dẹ la ti wá," ni yóò wí fún àwọn tó bá ń ṣe hàà. "Irin kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ló mú òun dání tàbí obìnrin."

Òfin kan péré ló fi lé e lọ́wọ́. "Bi í léèrè kí o tó tú u. Ọkọ̀ kì í purọ́, Déyọ̀. Ẹni tó ń wà á ló máa ń gbàgbé, ẹni tó ń tún un ṣe ló máa ń kánjú."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀, Morádéyọ̀ ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìn ti ń dun Bàbá, orí táyà àtijọ́ kan ló ń jókòó sí, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta ti wá tọrọ Morádéyọ̀ rí. Èyí àkọ́kọ́ ní kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Èyí ìkejì ní kó máa bá òun tún ọkọ̀ òun ṣe, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun mọ̀. Ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan kan. Ó kàn rí i lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síta, kò sì padà wá mọ́. Morádéyọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé kò dun òun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn ún, kó wo bó ṣe máa ń fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ ìfọṣọ ha èékánná rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ìsìn ọjọ́ kejì tó dé.

Sátidé kan ní oṣù kẹfà, tí òjò ń fọ́n wẹ́wẹ́, ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan tí bíréèkì rẹ̀ ń ké, nígbà tó rí ẹsẹ̀ méjì tó dúró níwájú òun. Bàtà náà dára, ṣùgbọ́n ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ ọn yíká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe ọ̀gá."

Morádéyọ̀ wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó nu ojú. "Ọ̀gá ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, èmi nìyí. Kí ló dé?"

Ó dúró kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mà. Ọkọ̀ màmá mi ló kú síwájú ibẹ̀ yẹn. Ẹja ló kún inú rẹ̀, yìnyín sì ti ń yọ́."

"Kí ló ṣe kó tó kú?"

Ìbéèrè yìí, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni Morádéyọ̀ ti bi. "Ó kàn kú ni" ni gbogbo wọn máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n èyí ronú díẹ̀, ó ní: "Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín. Ó wá dákẹ́. Kò pariwo, kò rú èéfín, iná iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, á jí fúnra rẹ̀, á máa lọ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀."

Ohùn Bàbá ta wá láti orí táyà: "Déyọ̀, gbé àga fún ọmọ yẹn. Ẹni tó bá lè ròyìn bí ọkọ̀ ṣe kú báyìí, ilé ire ló ti jáde."

Nehemiah ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Agbowa, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ará ìhà òkun Ìlàjẹ, opó tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Ní gbogbo Sátidé ni Nehemiah ń fi ọkọ̀ ìyá rẹ̀ kó ẹja wá fún àwọn oníbàárà ní Ìkòròdú. Ọ̀kan nínú wọn ni Kúbúrátù, tí ìsọ̀ rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ogójì ẹsẹ̀ lọ sí igi àgbálùmọ̀. Òun náà kúkú ti gbọ́. Ó ti dé tòun ti abọ́.

"Nehemiah! Ẹja mi ti fẹ́ẹ́ lúwẹ̀ẹ́ padà sí Ẹ̀pẹ́, ìwọ jókòó o ń gbádùn atẹ́gùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì!"

"Àǹtí, ọkọ̀ ló kú."

"Ọkọ̀ ló kú, ojú rẹ ló wá là kedere báyìí?" Kúbúrátù wo Morádéyọ̀, ó wo Nehemiah, ó fi abọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Morádéyọ̀ ní kí Nehemiah yí kọ́kọ́rọ́ sí iná láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde. Ó tẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ táńkì epo. Pọ́ọ̀ǹpù epo tó yẹ kó kùn wùnùù bí oyin dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ta ló ń tún un ṣe?"

"Ọ̀gá Bísíríyù, ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Ó ti pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó ti pààrọ̀ kọ́ìlì."

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, tí wọ́n kó ẹja kúrò, Morádéyọ̀ tún yí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ọ̀ǹpù kùn wùnùù, ọkọ̀ dìde. Ó pa á.

"Pọ́ọ̀ǹpù ò lárùn," ó ní. "Nǹkan kan ló ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, nítorí náà mi ò ní tú ohunkóhun. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ tó bá tún kú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ wo, níbo, kí ló wà nínú ọkọ̀. Ṣé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà ìṣirò ni mí, mà."

"Ẹ yéé pè mí ní mà. Morádéyọ̀ ni mí."

Láti ìgbà náà, Nehemiah di ará abẹ́ igi. Bí ọkọ̀ kú, á wá. Bí kò kú, á wá. Morádéyọ̀ á máa ṣiṣẹ́, á máa kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ pé tí ọkọ̀ bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tí wọ́n bá yí ọwọ́ rẹ̀ tán, ṣáàfù táyà rẹ̀ ló ti jẹ. Ó fi ìyẹ̀fun funfun tó hù sórí bátìrì hàn án, ó da omi gbígbóná lé e, ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ti fẹ́ ra bátìrì tuntun fún dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nehemiah pàtẹ́wọ́ bí ọmọ kékeré.

Lọ́jọ́ kan ó dé ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, aago ìwé kíkọ́.

"Kí ló ṣe ọkọ̀ lónìí?" ni Morádéyọ̀ bi í láìgbé orí sókè.

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí lẹ wá wá ṣe?"

"Ọkọ̀ kọ́ ló ń ṣe, èmi ló ń ṣe."

Ọwọ́ Morádéyọ̀ dúró lórí nọ́ọ̀tì. Àyà rẹ̀ fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó fẹ́ sín. "Kí ló ń ṣe yín?"

"Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìdáhùn tí mo kọ sójú pátákó lánàá, àwọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ẹ ní kí ènìyàn máa ròyìn àìsàn dáadáa. Mo ti ròyìn ti tèmi."

Bàbá Ògúnsànyà wúkọ́ lórí táyà, ó rọra dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, Nehemiah mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ méjì ni Morádéyọ̀ fi fọ ọwọ́. Ilé Ìyá Nehemiah kò jìnnà sí ọ̀sà, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà á máa gbọ́ bí omi ṣe ń lu ẹ̀bá ọkọ̀ ojú omi. Ìyá pọ́n wọn lé. Ó gbé omi tútù wá, ó se ọbẹ̀ ẹja òbòkún tí orí rẹ̀ kún abọ́.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Àbẹ̀bí ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Nehemiah ni gbogbo ayé ń pè mí. Ṣé tíṣà ni ìwọ náà?"

"Rárá, mà. Mẹkáníìkì ni mí."

"Ìyẹn ni iṣẹ́ bàbá rẹ. Iṣẹ́ tìrẹ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, mà."

Ìyá sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó fa ọwọ́ Morádéyọ̀ sọ́dọ̀, ó yí i padà sókè yí i padà sílẹ̀, bí ó ti máa ń yí ẹja wò lójú ọjà. Dúdú tín-ń-rín kan ṣì wà ní ìdí èékánná. Ó rọra dá ọwọ́ náà padà sórí itan ẹni tó ni ín.

"Nehemiah," ó ní, kò sì pariwo. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, ẹja ni mo fi rán ọ níwèé. Mo jí, mo rẹ́ ẹja, mo yan ẹja, kí ìwọ lè kúrò nínú òórùn. O wá jáde nínú òórùn ẹja tán, o fẹ́ bọ́ sínú òórùn ọ́ìlì?"

"Màmá..."

"Mò ń sọ̀rọ̀. Ọmọ yìí ò ṣẹ̀ mí. Mo rí i pé ó lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní kí ni ìyàwó ọmọ mi ń ṣe, kí n ní ó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀? Wọ́n á ní ìyàwó ni ọkọ, ọkọ ni ìyàwó." Ó yíjú sí Morádéyọ̀. "Bísíríyù tó bá ọkọ mi dàgbà ti tú ọkọ̀ mi tó wà níta yẹn lẹ́ẹ̀mẹfà, kò rí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ bá rí ohun tí Bísíríyù ò rí, padà wá, ká jọ sọ̀rọ̀ ìyàwó. Títí dìgbà náà, jẹun, ọmọ mi, kí ọbẹ̀ má tutù."

Morádéyọ̀ jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó jáde. Nínú ọkọ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà títí wọ́n fi ń sún mọ́ Ìtòkín. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé bí Nehemiah bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, ọ̀kan péré, òun á gbé ọ̀rọ̀ Ìyá mì.

Nehemiah sọ̀rọ̀. "Déyọ̀, ṣé a ò lè sọ fún Màmá pé ò ń ta ohun èlò ọkọ̀ ni? Fún ìgbà díẹ̀. Títí tí ara wọn á fi mọ́ ọ."

"Dúró níbí."

"Déyọ̀..."

"Mo ní kí o dúró." Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀. "Ìwọ tí o ròyìn bí ọkọ̀ ṣe kú láìfi irọ́ kan kún un, èmi lo wá fẹ́ parọ́ lé lórí? Ọkùnrin kan ti fẹ́ fi mí pamọ́ rí, Nehemiah. Ó yá jù ọ́ lọ, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ tiẹ̀."

Ó wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé.

Oṣù kan, oṣù méjì. Sátidé ń dé, Nehemiah ń já ẹja sílẹ̀ fún Kúbúrátù, á dúró lókèèrè, á wo abẹ́ igi. Morádéyọ̀ á wọ abẹ́ ọkọ̀ tí kò níṣẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa wo irin, á máa bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé òun ò le jù? Ṣé obìnrin ò yẹ kó fi sípánà sílẹ̀ nítorí ẹni tó fẹ́ràn? Ó gbìyànjú láti fojú inú wo ara rẹ̀ níbi tó ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ lẹ́yìn tábìlì. Kò rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Tábìlì nìkan ló rí.

Kúbúrátù ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Ó ti rù," á ní. "Ọrùn rẹ̀ ti rí bíi ti ẹja ṣawa. Èmi ò mọ̀ o, ẹja ni mò ń tà, mi ò ta ìfẹ́. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ."

"Mi ò bi yín léèrè, Àǹtí."

"O ò bi mí, ṣùgbọ́n o dá iṣẹ́ dúró láti gbọ́."

Ìwé tí Nehemiah kọ àwọn ọjọ́ náà sí ṣì wà lọ́wọ́ Morádéyọ̀, ó ti fún un kí ìjà tó dé. Àárò Nehemiah ló mú kó tún tú u wò, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Ìgbà mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ ti kú. Ìgbà mẹ́ta jẹ́ Sátidé, yìnyín àti ẹja tútù ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù, Sọ́ńdè ni, àfi méjì tó jẹ́ Mọ́ńdè. Kò sí Wẹ́sìdeè kankan. Kò sí Fúráìdè. Morádéyọ̀ jókòó. Sátidé, omi yìnyín. Ìyẹn yé e. Ṣùgbọ́n ní Sọ́ńdè, ọkọ̀ ti ṣófo. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ yìí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí ìwé Nehemiah kò kọ? Ó gbé fóònù. Ó gbé e sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Kúbúrátù sáré wọ abẹ́ igi, gèlè rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ já.

"Morádéyọ̀! O ò gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ ṣe?"

"Mi ò lọ́kọ."

"Ó dìde láàárín àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lánàá, lẹ́yìn ìsìn. Ìyá kan ní òun ti bá a rí nọ́ọ̀sì kan tó dára. Nehemiah ní òun dúpẹ́, mà, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì kan ní Itamaga ni òun fẹ́ fẹ́, òun ti ṣẹ̀ ẹ́, òun sì ń dúró dìgbà tó bá dárí ji òun. Ó ní ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú, kó mu omi! Níwájú gbogbo wọn! Ìyá rẹ̀ fi ìwé orin bojú."

Morádéyọ̀ yíjú sí ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún yíjú padà, nígbà tó sì yí i padà, ọ́ìlì ti fa ìlà dúdú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tó ti nu omijé.

Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kọkànlá, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkòròdú fi Ìyá Nehemiah ṣe Ìyá Ìkórè. Ìyá tó ti ń ta ẹja láti ọgbọ̀n ọdún, wọ́n fẹ́ kó jókòó síwájú. Ó ra aṣọ funfun, ó ra bàtà. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, fóònù Morádéyọ̀ mì nínú àpò rẹ̀ bí ó ti jókòó ti Bàbá rẹ̀ ní ìsìn.

"Déyọ̀. Èmi ni. Ó ti kú. Agbowa la wà. Màmá wà nínú rẹ̀. Aago mẹ́wàá àbọ̀ ni wọ́n fẹ́ pe Màmá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó mí. "Mo mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè ọ́."

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan," ni Morádéyọ̀ wí, ó sì ti dìde.

Páláyà kan, wáyà díẹ̀, téèpù àti gílóòbù kékeré tí wọ́n fi ń dán iná wò ló wà nínú báàgì rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé Agbowa, Bísíríyù ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ó ti ká apá aṣọ, ó ti tẹ́ sípánà sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ ta wọ́n.

"Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá," ni Morádéyọ̀ kí i, ó kúnlẹ̀.

"Ìwọ lọmọ Ògúnsànyà? Ó dáa. Bá mi di ibí mú. Ẹ́ńjìnnì yìí, sísọ̀ la máa sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi Màmá. Ẹ̀yin àti Nehemiah, ẹ bá mi wá omi mímu lọ́ọ̀ọ́kán yẹn."

Nehemiah fa Bísíríyù lápá. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ níbi tí Ìyá jókòó sí nínú aṣọ funfun, ojú ti yọ òógùn.

"Màmá, ẹ má bínú. Kí lẹ máa ń ṣe fún ọkọ̀ yìí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé?"

Ìyá ò wò ó. "Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?"

"Wọ́n ti lọ, mà. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbí."

Ọkọ̀ èrò kan kọjá, eruku gbé. Ìyá pọ́n ètè lá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo máa ń fọ̀ ọ́."

"Inú rẹ̀?"

"Inú rẹ̀. Korobá omi mẹ́ta, pẹ̀lú ọṣẹ. Tí Nehemiah bá ti lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò sọ fún un, mi ò sọ fún Bísíríyù." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ní ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé àwọn ìyá méjì sínú ọkọ̀. Wọ́n fi áńkáṣíìfù bo imú títí a fi délé. Wọ́n rò pé mi ò rí wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fọ̀ ọ́."

Morádéyọ̀ gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sí Ìyá lẹ́sẹ̀. "Kẹrosíìnì lèmi fi ń fọ tèmi, mà. Ní gbogbo Sátidé. Ó máa ń ta mí."

Ìyá wo ọwọ́ náà. Ní ọjọ́ Ẹ̀pẹ́ ó ti wò ó bí ẹni ń wo ẹja. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wò ó pẹ́.

Morádéyọ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè. Omi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tutù, ó ní òórùn ọṣẹ. Láàárín omi yẹn ni wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́ọ̀ǹpù gbà, ojú ibi tí wọ́n ti so ó sì ti dógùn-ún, ó ti hu àwọ̀ ewé bí ògiri ilé tó ti ń jò. Tí ó bá tutù, iná ò ní kọjá. Tí oòrùn bá mú un gbẹ díẹ̀, ọkọ̀ á jí. Ó fi gílóòbù kàn án: kò tàn.

"Mo nílò ohun tí mo máa fi ha á. Kánjúkánjú ni mo fi kúrò ní ìsìn."

Ìyá ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ti tín-ínrín. "Ọ̀bẹ tí mo fi ń ha ìpẹ́ ẹja nìyí. Mi ò fún ẹnikẹ́ni lò rí."

Morádéyọ̀ fi í ha ojú wáyà títí bàbà rẹ̀ fi pọ́n yòò. Ó nu omi gbẹ, ó so ó, ó fi téèpù wé e, ó gbé e kọ́ sókè níbi tí omi ò ti ní dé e mọ́. Nehemiah àti Bísíríyù ti padà dé. "Yí i," ó ní.

Pọ́ọ̀ǹpù kùn wùnùù. Ẹ́ńjìnnì dìde, ó ń lọ geere.

Bísíríyù na ọrùn wo inú ọkọ̀. "Kí ló fà á?"

Morádéyọ̀ ń nu ọ̀bẹ. Ó mọ̀ pé Ìyá ń gbọ́. "Omi òjò ló wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá."

"Òjò? Òjò tó ti ṣíwọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀ ni, ọ̀gá."

Bísíríyù mi orí. "Ọmọ Ògúnsànyà, o gba iyì lọ́wọ́ mi. Mo ti tú ohun gbogbo, mi ò tú kápẹ́ẹ̀tì."

Morádéyọ̀ fẹ́ lọ wá ọ̀kadà. Ohùn Ìyá dá a dúró. "Níbo lò ń lọ? Wọlé. Ẹ̀gbẹ́ mi ni kí o jókòó."

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Morádéyọ̀ fẹ́ fà sẹ́yìn, nítorí ẹrẹ̀ ti kun aṣọ rẹ̀ lórúnkún, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú dé ọrùn ọwọ́. Ìyá gbá ọwọ́ dúdú náà mú, òun tòun ti aṣọ funfun, ó ń bá a rìn gba àárín ìjọ lọ síwájú. Ìyá kan tẹ̀ síwájú: "Ìyá Ìkórè, ta lẹ mú dání yìí?"

"Mẹkáníìkì mi ni," ni Ìyá dáhùn, gbogbo àwọn tó wà nítòsí sì gbọ́. "Ìyàwó ọmọ mi ni."

Lẹ́yìn wọn, Nehemiah kò rí ọ̀nà mọ́. Omi kún ojú rẹ̀.

Kúbúrátù ni wọ́n rán lọ bá Bàbá Ògúnsànyà, níṣẹ́ gidi lọ́tẹ̀ yìí, ó sì wọ bàtà onígíga lọ sí ibi tí kò ju ogójì ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí oṣù kejì ọdún dé, tí àgbálùmọ̀ ń pọ́n, wọ́n ṣe ìdána lábẹ́ igi náà. Wọ́n da iyanrìn lé ilẹ̀ dúdú, wọ́n to àga. Àwọn ará Ìlàjẹ gbé ẹrù ìyàwó wá: iṣu, oyin, obì, Bíbélì tí wọ́n so òrùka mọ́. Ní ìkẹyìn, ọkùnrin méjì gbé àpótí pupa kan wá, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ìyá Nehemiah ló ṣí i. Sípánà ni, tuntun, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, wọ́n ń dán.

Bàbá Ògúnsànyà rọra dìde lórí táyà. Ó wo àpótí náà, ó wo Ìyá. "Ẹ ti bi í léèrè dáadáa, Màmá? Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ mú lọ sílé?"

"Òun ló bi mí léèrè, Bàbá." Ìyá yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ gbọ́ o. Èmi Àbẹ̀bí ni mò ń da omi sínú ọkọ̀ mi. Korobá mẹ́ta, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nítorí òórùn ẹja ń tì mí lójú. Òun nìkan ló bi mí, nígbà tó sì mọ̀ ọ́n, ó ní òjò ni. Ó fi òjò bo àṣírí mi. Ẹja ló rán ọmọ mi níwèé, kò ní tì mí lójú mọ́ títí mo fi máa wọlẹ̀."

Bísíríyù fò dìde láàárín èrò.

"Àbẹ̀bí! Ọdún méjì! Pọ́ọ̀ǹpù méjì! Mo ti fẹ́ẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀!"

Ẹ̀rín bú. Kúbúrátù rẹ́rìn-ín títí gígíga bàtà rẹ̀ fi rì sínú iyanrìn. Wọ́n ní kí ìyàwó mú ohun tó wù ú nínú ẹrù. Morádéyọ̀ mú Bíbélì bí àṣà ti wí, ó sì na ọwọ́ fún Nehemiah. Nehemiah tú òrùka, ó fi í sí ìka rẹ̀, ó tẹ orí sílẹ̀, ó fi ẹnu ko èékánná náà.

"O fọ̀ ọ́," ló wí wẹ́lẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan sọnù.

"Màmá ló bá mi fọ̀ ọ́ láàárọ̀," ni Morádéyọ̀ dáhùn. "Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ òórùn ẹja. Wọ́n ní ó ń ká ọ́ìlì náà."

Lókè wọn, àgbálùmọ̀ kan já, ó lu bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Ìyá gbàà. Kò sẹ́ni tó ta gìrì.